Ẹ Di Ọyẹ́ Mọ́nú Ìgò
Ọ̀rọ̀ orí rédíò lórí irúgbìn tó ti pẹ́ nílé, àti bí a ṣe ń tọ́jú irúgbìn kó lè pẹ́

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará Igbó Ìdáàṣà, ẹ̀yin tó wà ní Sàbálù, ní Ṣábẹ, ní Glazoué, àti ẹ̀yin tó ń gbọ́ wa láti oko. Ètè ń là, eruku gba gbogbo ìlú, kálukú ló ń bú ọyẹ́. Èmi ò ní bá yín bú u lónìí o, nítorí ẹni tó bá fẹ́ kí irúgbìn òun pẹ́ nílé kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn nínú ọdún tó ju ọyẹ́ lọ.

Ìyá kan ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Ó ní àwọn ń tún ilé ìdáná ìyá àgbà ṣe, ni àwọn bá rí ìgò kan lórí àjà, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi àkísà àti ìda dí i lẹ́nu pinpin. Kò sẹ́ni tó mọ ọdún tí wọ́n gbé e síbẹ̀. Ṣé kí àwọn sè é ni, àbí ó ṣì lè hù?

Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sè é. Ẹ ò mọ oògùn tí ìyá àgbà fi sí i kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ẹ̀wà tí kò sí lóko ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dà á sínú omi náà o. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa irúgbìn tó ṣì ní ẹ̀mí díẹ̀ lára.

Bí ẹ bá la hóró ẹ̀wà sí méjì, ẹ ó rí i pé ọ̀gbìn kékeré kan ti wà níbẹ̀ tán, ó ní gbòǹgbò, ó ní ewé méjì tó ká jọ. Níwọ̀n ìgbà tí hóró náà bá gbẹ, ọ̀gbìn yìí kò kú, kò sì dàgbà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i ni pé àwọn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ ń gbó díẹ̀díẹ̀. Ojú kò lè rí i. Hóró tó ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn àti èyí tó wà láàyè lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n máa dán bákan náà. Ọjọ́ tí omi bá kan irúgbìn tó ti gbó ni àṣírí á tú: awọ tó ti gbó kò lè dá omi dúró mọ́, ṣúgà inú rẹ̀ á máa jò síta, ohun tó ń mú nǹkan bu á rí oúnjẹ jẹ, ọjọ́ kẹta ẹ̀wà á ti máa rùn. Bí omi bá sì rọ́ wọlé lójijì, ara ọ̀gbìn kékeré náà á fàya kó tó rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe.

Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ó máa fún un lómi. Ẹ mú hóró mẹ́wàá péré, kì í ṣe gbogbo ìgò. Ẹ bu omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ gbé ajọ̀ kékeré lé e lókè kí irúgbìn má fara kan omi, ẹ dé e, kó sun ibẹ̀ mọ́jú. Ọ̀rinrin inú ìkòkò yẹn ni yóò kọ́kọ́ mu. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wá aṣọ funfun tí ẹ ti sè nínú omi gbígbóná, ẹ fún un dáadáa kó má máa kán, ẹ to hóró sí i kí wọ́n má fara kan ara wọn, ẹ ká a, ẹ gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ tí oòrùn kò dé. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa tú u wò. Èyí tó bá ti rọ̀ tó sì ń rùn, ẹ yọ ọ́ kúrò kó má ba èyí tó kù jẹ́. Ẹ̀wà tuntun á hù láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Èyí tó ti pẹ́ lè lo ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí iṣẹ́ àtúnṣe ló kọ́kọ́ ń ṣe nínú ara rẹ̀ kó tó yọ ẹnu. Ẹ má kánjú dà á nù kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé.

Bí ẹ bá rí hóró tó le bí òkúta síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí kò wú rárá, ó ṣeé ṣe kí èyíun wà láàyè. Èèpo rẹ̀ ni kò jẹ́ kí omi wọlé. Ẹ fi abẹ ha á fẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn, níbi tó jìnnà sí ojú dúdú rẹ̀, ẹ dá a padà sínú aṣọ. Ilá náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti igbá, tí à ń fi kóró rẹ̀ ṣe irú, tún le ju ti gbogbo wọn lọ: omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí iná ni à ń dà lé e, kó wà nínú rẹ̀ títí omi náà á fi tutù mọ́jú. Ẹ má dán ti omi gbígbóná yẹn wò lórí ẹ̀wà o, ẹ ó kàn sè é ni.

Èyí tó bá hù, kódà bó jẹ́ ẹyọ kan, ẹ gbìn ín sínú ìkòkò ilẹ̀ tàbí agolo tí ẹ dá lu nídìí, níbi tí ewúrẹ́ kò lè dé. Ọmọ irúgbìn tó ti gbó kì í lágbára, kò lè bá koríko jà lóko. Ẹ má jẹ ìkórè àkọ́kọ́. Ẹ tún un gbìn. Oore kan tí ẹ̀wà ṣe fún wa ni pé òdòdó rẹ̀ ló ń fún ara rẹ̀ lóyún, nítorí náà ẹyọ igi kan lè bí ọmọ tó jọ ọ́. Àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìyẹ̀fun akọ rẹ̀ kiri, ẹni tó bá fẹ́ kí irú àgbàdo kan má dàlú gbọ́dọ̀ gbin púpọ̀, kó sì jìnnà sí oko aládùúgbò.

Àwọn kan ń kiri oògùn lọ́jà, wọ́n ní ó ń jí irúgbìn òkú. Owó yín ni wọ́n ń wá. Irúgbìn tó bá ti kú ti kú. Ẹ ti lè gbọ́ ìtàn ọkà wíìtì tí wọ́n hú jáde láti ibojì àwọn ọba Íjíbítì àtijọ́, pé wọ́n gbìn ín ó sì hù. Irọ́ ni, òkú ni gbogbo ọkà tí wọ́n bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ wà tó yani lẹ́nu ju irọ́ yẹn lọ. Ní Masada, lórí òkè kan ní aṣálẹ̀ ilẹ̀ Ísírẹ́lì, wọ́n rí kóró dáètì tó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì hù ní 2005. Ní Amẹ́ríkà, William James Beal ri ìgò 20 tó kún fún irúgbìn mọ́lẹ̀ ní 1879 kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa hú u lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgò tí wọ́n hú ní 2021 ṣì ní irúgbìn tó hù nínú. Kí ló mú ti Masada pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ibẹ̀ gbẹ. Òjò kì í sábà dé ibẹ̀.

Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyí. Bí wọ́n bá ti ní kí ènìyàn tọ́jú irúgbìn pẹ́, fìríìjì ni ọkàn ń lọ sí. Iná wa sì nìyí, ó ń lọ ó ń bọ̀. James Harrington, onímọ̀ irúgbìn ará Amẹ́ríkà, fi ìlànà kan lélẹ̀ tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ṣì ń lò títí di òní: bí omi inú irúgbìn bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ọjọ́ ayé irúgbìn náà á di ìlọ́po méjì; bí ooru ibi tó wà bá fi nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 5 dín kù, ó tún di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀wà tí omi inú rẹ̀ jẹ́ 12 nínú 100, tí ẹ bá gbẹ ẹ́ débi tó fi ku 8, ẹ ti ṣe ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹrin. Èyí tí ì bá lo ọdún kan á lo 16. Bí ẹ bá wá gbé èyí tí kò gbẹ kúrò nínú ooru 30 lọ sí 20, lẹ́ẹ̀mejì péré ni, ọdún kan di mẹ́rin. Ẹni tó gbẹ irúgbìn rẹ̀ dáadáa láìní fìríìjì ti ṣe ju ẹni tó kàn gbé irúgbìn tí kò gbẹ síbi ìwọ̀n 20 yẹn lọ. Ìlànà náà kò ṣiṣẹ́ mọ́ bí omi bá kéré sí nǹkan bí 5 nínú 100, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò lè dé ibẹ̀ nílé.

Báwo la ṣe ń gbẹ ẹ́? Ibi tí ọyẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Irúgbìn kì í gbẹ ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Nínú oṣù Ògún, nígbà tí àwọn èrò bá ń wọ́ wá sí Àrígbó fún àjọ̀dún Màríà, afẹ́fẹ́ wa kún fún omi. Irúgbìn tó wà nínú igbá tí kò ní ìdérí á máa mu ún. Ẹ lè ti sá a lóòrùn lọ́sàn-án kó gbẹ, lóru á tún rọ̀. Láti oṣù Ọ̀pẹ sí oṣù Èrèlé, afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà gbẹ débi pé aṣọ tí ẹ fọ̀ kì í pẹ́ kó tó gbẹ. Ẹ tẹ́ irúgbìn síbòji, kó fẹ́lẹ́, lórí ẹní, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dì í sínú ìgò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, lọ́sàn-án gangan, kí ìrì tó sẹ̀. Ọyẹ́ lẹ dì mọ́nú ìgò yẹn. Bí òjò oṣù Agẹmọ bá ń rọ̀ lórí páànù, ẹ̀ẹ̀rùn ṣì ni nínú ìgò.

Mo sọ pé síbòji o. Ìlú òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń pè wá, àpáta ò sì wọ́n wa. Orí rẹ̀ la ti ń sá ẹ̀gẹ́, orí rẹ̀ la ti ń sá ata, ó dára fún ohun tí a máa jẹ. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá kan àtàrí, àpáta á gbóná ju ìwọ̀n 50 lọ, hóró tí wọ́n dà lé e nígbà tí omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀ á kú síbẹ̀. Kò ní jóná, kò ní yí àwọ̀ padà. Òjò á dé, ẹ ó gbìn ín, ẹ ó máa bú ilẹ̀, ẹ ó máa bú ẹyẹ. Páànù náà bákan náà. Bó bá jẹ́ pé àpáta nìkan ló wà, kó jẹ́ òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì tẹ́ ẹní sábẹ́ irúgbìn.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ? Ẹ fi eyín gé ẹ̀wà. Bó bá tẹ̀, kò tíì gbẹ. Bó bá fọ́ wẹ́rẹ́, ó ti ń súnmọ́ ọ. Fún àgbàdo, ẹ wá iyọ̀ tó gbẹ, ẹ bù ú sínú ìgò tó gbẹ, ẹ da àgbàdo díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú rẹ̀ ṣì ju 15 lọ. Bí kò bá lẹ̀, ó dára fún jíjẹ oṣù díẹ̀. Fún ìtọ́jú ọlọ́dún púpọ̀, ẹ ṣì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Àwọn tí ọyẹ́ bá ti kọjá lọ lórí wọn lè yan ìrẹsì gbẹ títí yóò fi fẹ́ pọ́n, kí wọ́n jẹ́ kó tutù nínú agolo tí wọ́n dé, kí wọ́n wá dì í sínú aṣọ, kí wọ́n fi sínú ìgò pẹ̀lú irúgbìn. Ìrẹsì yẹn á máa fa omi kúrò lára irúgbìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i.

Ẹni tó bá sì ní fìríìjì tí iná rẹ̀ dúró, ẹ gbé ìgò tí ẹ ti dì síbẹ̀, kò burú. Nígbà tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má ṣí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òtútù kúrò lára rẹ̀ di ọjọ́ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrì á sẹ̀ sórí irúgbìn.

Kòkòrò ẹ̀wà ńkọ́? Láti oko ló ti ń tẹ̀ lé ẹ̀wà wálé. Abo rẹ̀ á yé ẹyin sára ẹ̀wà, ọmọ á lu èèpo wọnú, ẹ ò ní rí i títí yóò fi dá ihò jáde. Eérú tí àwọn ìyá wa ń lò wúlò, àmọ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ń fi sí i lónìí ti kéré jù. Eérú tó kúnná, tí ẹ sẹ́, tó gbẹ, ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ẹ̀wà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì tún tẹ́ òmíràn sókè. Eérú yẹn tún ní iṣẹ́ kejì: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, bí oúnjẹ bá tán nínú ilé ní oṣù Okúdù, ẹ̀wà tó ti wọ eérú kì í tètè wu ènìyàn láti gbé ka iná.

Ẹni tí irúgbìn rẹ̀ bá pọ̀ lè lo àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS. Ọ̀jọ̀gbọ́n Larry Murdock ti yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Kamẹrúùnù ló pilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn 1985. Rọ́bà méjì nínú, àpò híhun kan níta, ẹ dì wọ́n lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á mí títí afẹ́fẹ́ á fi tán. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òùngbẹ ló ń pa á ní ìkẹyìn. Kòkòrò yẹn kì í mu omi láyé rẹ̀. Láti inú oúnjẹ tó ń jẹ ló ti ń ṣe omi, kò sì lè ṣe é láìsí afẹ́fẹ́.

Gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, ẹ má gbé e lọ bá obì. Obì, kòkó, máńgòrò àti píà jẹ́ kóró tó ń kú bí a bá gbẹ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn olóbì fi ń fi ewé tútù dì í. Iṣu pàápàá, Láàbókò tí gbogbo wa ń yangàn lé lórí, ara ìyá rẹ̀ la ń gé gbìn, kò sí ìgò tó lè gbà á. Ẹni tí kò bá gbìn ín lọ́dún kan ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀pà, sóyà àti ẹ̀gúsí kì í kú nítorí gbígbẹ, ṣùgbọ́n òróró inú wọn kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ bí ẹ̀wà. Sóyà tí a fi sílẹ̀ nínú àpò lásán láti ìkórè kan sí ìgbà òjò kejì lè má hù mọ́. Irúgbìn àlùbọ́sà náà kì í pẹ́ kú.

Irú irúgbìn wo ló yẹ ká kọ́kọ́ tọ́jú? Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ lórí èyí níbí, n'Ígbó Ìdáàṣà, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga sáyẹ́ǹsì wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexandre Dansi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ káàkiri abúlé, wọ́n jókòó ti àwọn àgbẹ̀, wọ́n pín ojú ilẹ̀ sí igun mẹ́rin. Irú èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ń gbìn lóko ńlá wọ igun kan. Èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ń gbìn, àmọ́ ebè díẹ̀díẹ̀, wọ igun kejì. Èyí tí ilé díẹ̀ ń gbìn lóko ńlá, igun kẹta. Igun kẹrin ni ti èyí tí ilé díẹ̀ ń gbìn, tí ebè rẹ̀ sì kéré. Igun kẹrin yẹn ló ń parẹ́. Ẹ lè ṣe é lábẹ́ igi abúlé yín lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òkúta wẹ́wẹ́ àti igi tí ẹ fi ń fa ilà ti tó.

Ní 2012, wọ́n tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ohun ọ̀gbìn tí a ti pa tì ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀kan lára wọn ni èyí tí àwọn Fọ̀n ń pè ní dóyì, ẹ̀wà kékeré tó ń so sábẹ́ ilẹ̀ bí ẹ̀pà. Owó rẹ̀ wọ́n lọ́jà ju ẹ̀wà yòókù lọ. Síbẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ń fi í sílẹ̀, nítorí híhú rẹ̀ nílẹ̀ le, kì í sì í so púpọ̀. Funfun ni ọjà ń wá jù. Dúdú àti pupa rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ní dúdú tàbí pupa nílé, igun kẹrin ni ẹ dúró lé.

Ilé ìpamọ́ ńlá wà fún irú iṣẹ́ yìí. Ní Ìbàdàn, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, oríṣi ẹ̀wà tó ju 15,000 lọ ló wà nínú yàrá tútù, kò sí ibòmíràn láyé tó ní tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìpamọ́ inú òkè Svalbard ní Nọ́wè, nínú oṣù Èrèlé 2008, irúgbìn láti Ìbàdàn wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kó wọbẹ̀. Ogun Síríà fi ìwúlò rẹ̀ hàn: ilé ìwádìí tó wà nítòsí Aleppo kò ṣeé lò mọ́, ni wọ́n bá lọ gba irúgbìn tiwọn padà ní Svalbard ní 2015, wọ́n gbìn ín ní Lẹ́bánónì àti Mòrókò, wọ́n sì dá tuntun padà. Àwa náà mọ ọ̀rọ̀ ogun. Nígbà tí ìjọba Dànhọmẹ̀ ń kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú, orí òkè wọ̀nyí ni wọ́n sá gùn. Ẹni tí kò gbé irúgbìn gòkè kò ní rí ohun gbìn bó bá sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n yàrá tútù Ìbàdàn kò mọ ohun tó wà lórí àjà ìyá yín. Ẹ pín in. Ìgò kan nílé, ìkejì lọ́dọ̀ àbúrò yín tó fẹ́ ọkọ sí abúlé mìíràn, ìkẹta lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Ẹrẹ́nà kí òjò tó dé, ẹ mú hóró díẹ̀ ká sínú aṣọ tútù bí mo ṣe wí. Bó bá jẹ́ ogún lẹ ká, tí mẹ́tàdínlógún sì hù, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Bí kò bá ju mẹ́wàá sí méjìlá lọ, ọdún yẹn ni kí ẹ gbin díẹ̀ láti fi gba tuntun, kí ẹ má ṣe dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Kí ẹ tó dé ìgò náà, ẹ kọ orúkọ irúgbìn sínú bébà bí ẹ ṣe ń pè é lábúlé yín gan-an, nítorí irú kan náà lè ní orúkọ mẹ́ta láti òkè kan sí èkejì. Ẹ kọ ọdún, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i, ẹ kọ ẹni tó fún yín. Inú ìgò ni kí bébà náà wà, pẹ̀lú irúgbìn, torí ikán àti eku ń jẹ èyí tí a lẹ̀ mọ́ ìta. Bí ẹ ò bá kàwé, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè bá yín kọ ọ́, kó má sì fi bíró kọ ọ́ o: bíró ń ṣá. Pẹ́ńsù ni kó lò.